Dúdú àti mímọ́ ṣáájú kẹ̀kẹ́ àwọ̀: bí a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọ̀ àti ìbáramu rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, orí kẹ̀kẹ́ àwọ̀ ni ẹ̀kọ́ àwọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ á ya òbìrí sójú pátákó, á ní pupa, yẹ́lò àti búlúù ni ìpìlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, ó parí. Bí ìdánwò bá dé, ọmọ náà á kà á láìsí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé aṣọ funfun fún un pé kó fi àwọ̀ mẹ́ta ṣe bátànì sí i, ẹ ó rí i pé ohun tó ṣe kò ṣeé dá mọ̀ láti òdìkejì títì. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀ tó yan bára mu dáadáa. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúdú bákan náà, wọ́n sì gba àyè bákan náà, ojú kò wá mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ wò.

Nítorí èyí la ṣe ń to ẹ̀kọ́ náà báyìí: ìdúdú àti ìmọ́lẹ̀ (bí àwọ̀ kan ṣe ṣókùnkùn tó tàbí bó ṣe mọ́ tó) ló ṣáájú, pípo àwọ̀ tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ àwọ̀ wá lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ àwọn ìbáramu ló kẹ́yìn. Ètò yìí rọrùn ní Abẹ́òkúta ju ibòmíràn lọ, torí pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni adìrẹ aláró tí a mọ ìlú náà mọ́, síbẹ̀ bátànì rẹ̀ ń hàn ketekete. Kíláàsì ọmọ 20 la ní lọ́kàn níbí, láti JSS1 sókè, tàbí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ adìrẹ. Ìpàdé mẹ́fà ló gbà, wákàtí kan àtààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ máa rà

Pósítà kọ́lọ̀ onígò ló dára jù. Nínú àwọn tó pọ́ọ́kú jù lọ, ìyẹ̀fun funfun ló máa ń pọ̀ ju àwọ̀ lọ, pupa wọn á di pínkì bó bá ti gbẹ, kò sì sí bí ẹ ṣe lè po ó tí yóò fi tàn. Ẹ yẹ ara ìgò wò kẹ́ ẹ tó sanwó. “Yellow” lásán kò tó. Orúkọ irú yẹ́lò náà ni kẹ́ ẹ wò. Bí agbára yín bá gbé ìgò mẹ́ta péré, ẹ mú lemon yellow, crimson àti Prussian blue, kẹ́ ẹ fi funfun àti dúdú kún un. Bó bá gbé mẹ́fà, ẹ fi deep yellow, scarlet àti ultramarine sí i. Yẹ́lò àti funfun ló máa ń tètè tán, nítorí náà ẹ ra ìgò méjì-méjì nínú wọn níbi tí ẹ bá ti ra ẹyọ kan nínú àwọn yòókù. Dúdú kékeré kan á tó gbogbo kíláàsì fún sáà kan.

Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 6 kan àti nọ́ńbà 10 kan, ife omi méjì (ọ̀kan fún fífọ̀, èkejì fún ṣíṣàn), àkísà òwú, àti ìdérí ike funfun tí yóò máa fi po àwọ̀. Ìdérí ike áísìkiriìmù dára púpọ̀. Páálí ẹyin kò dára, ó ń fa omi ọ̀dà mu, ọ̀dà á sì ti gan kí ọmọ tó pò ó tán. Ẹ ra síríǹjì mílílítà 5 tí kò ní abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, ọ̀kan fún ìgò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ lè máa ka ẹ̀kán. Ọmọ tó ń fi ojú wọn ọ̀dà kò ní lè ṣe àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ṣíṣe é lẹ́ẹ̀mejì gan-an ni iṣẹ́.

Ẹ lọ sí Ìtòkú, ọjà adìrẹ ní Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ bẹ àwọn tó ń tà tàbí tó ń rán adìrẹ fún àjákù aṣọ. Àjákù aláró mẹ́rin tí ìdúdú wọn yàtọ̀ síra lẹ nílò, láti èyí tó mọ́ fẹ́rẹ́fẹ́ dé èyí tó ti fẹ́ẹ̀ di dúdú tán. Ẹ gba kàmpálà kan tó ní pupa àti àwọ̀ ewé kún un, ẹ ó lò ó láìpẹ́.

Ìpàdé kìíní: ìdúdú

Ẹ to àjákù aró mẹ́rin náà sórí tábìlì, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yàtọ̀: ìkòkò aró kan náà ni. Aṣọ tó wọ aró lẹ́ẹ̀kan, tí a sá, tí a ò sì dá padà, yóò mọ́. Èyí tí a rì bọ̀ ọ́, tí a gbé e síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, tí a tún rì í padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń di dúdú. Àwọ̀ kò yí padà, ìdúdú rẹ̀ ló yí. Ohun tí àwọn ọmọ máa ṣe lórí ìwé nìyẹn.

Kí wọ́n fa àpótí 9 sórí ìlà kan, sẹ̀ǹtímítà 3 ní gígùn, 3 ní ìbú. Funfun pátápátá ni àpótí kìíní, dúdú pátápátá ni ìkẹsàn-án. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti funfun tí wọ́n ń fi dúdú kún un lọ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, wọ́n á ti dé dúdú ní àpótí karùn-ún. Nítorí náà, àpótí karùn-ún ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kó wà láàárín funfun àti dúdú ní ojú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n ṣe ìkẹta àti ìkeje, kí wọ́n wá fi àwọn yòókù dí àlàfo. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé ìdajì funfun àti ìdajì dúdú kì í fún wọn ní àárín. Dúdú lágbára gan-an. Ẹ̀kán kan nínú ẹ̀kán funfun márùn-ún tàbí mẹ́fà lè ti tó, ìgò kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀.

Kí wọ́n má dá ẹjọ́ kankan nígbà tí ọ̀dà bá ṣì tutù. Nínú pósítà kọ́lọ̀, àwọ̀ tó dúdú máa ń mọ́ díẹ̀ sí i bó bá gbẹ, àwọ̀ tó mọ́ sì máa ń dúdú díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá yára tún un ṣe ti ba á jẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n kan díẹ̀ sára àjákù ìwé, kó gbẹ, kí wọ́n tó fi sínú àpótí.

Bí wọ́n bá ṣe tiwọn tán, ẹ gbé kàmpálà pupa òun àwọ̀ ewé yẹn jáde. Ẹ ní kí wọ́n fún ojú pọ̀ títí ìpéǹpéjú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, kí wọ́n wá wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù yà á, kẹ́ ẹ yí fọ́tò náà sí dúdú àti funfun. Bí pupa àti àwọ̀ ewé náà bá dúdú bákan náà, bátànì á pòórá nínú fọ́tò, gbogbo rẹ̀ á di eérú kan ṣoṣo. Ẹ ya àjákù adìrẹ aláró bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ kankan nípa ìbáramu. Lójú tiwa, bí ẹ̀kọ́ náà bá dúró síbí, ó ti ṣàǹfààní ju kẹ̀kẹ́ àwọ̀ tí wọ́n há sórí lọ.

Iṣẹ́ àmúrelé ni pé kí wọ́n wá ohun mẹ́wàá nílé, kí wọ́n tò wọ́n láti èyí tó mọ́ jù dé èyí tó dúdú jù, láìka àwọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ka yẹ́lò kún àwọ̀ tó dúdú torí pé ó ń tan yòò. Títàn yòò yàtọ̀ sí dúdú, yẹ́lò ló sì mọ́ jù lọ nínú gbogbo àwọ̀ tó ń tàn. Àlùkò (purple) ló dúdú jù.

Ìpàdé kejì: pípo àwọ̀

Òfin kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò: àwọ̀ tó mọ́ ni a ń kọ́kọ́ da sílẹ̀, àwọ̀ tó dúdú ni a ń kán sí i. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ da búlúù sílẹ̀, tó wá fẹ́ fi yẹ́lò sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, á lo ìdajì ìgò yẹ́lò kó tó rí i.

Fún àwọ̀ ewé, ẹ̀kán lemon yellow 10 sí ẹ̀kán Prussian blue 1 ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Fún ọ́réǹjì, yẹ́lò 6 sí pupa 1. Fún àlùkò, pupa crimson 4 sí búlúù 1. Àlùkò yìí á dúdú débi pé wọ́n á rò pé dúdú lásán ni, nítorí náà kí wọ́n mú díẹ̀ lára rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n kán funfun kan sí i, àwọ̀ rẹ̀ á sì yọjú. Iye wọ̀nyí á yí díẹ̀ láti ìgò sí ìgò. Kí wọ́n máa kọ iye ẹ̀kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pò.

Ìbéèrè tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé, “Kí ló dé tí àlùkò mi di ẹrẹ̀?” Èsì rẹ̀ wà nínú ìgò. Kò sí pupa tó jẹ́ pupa lásán. Scarlet fì sọ́dọ̀ ọ́réǹjì, ìyẹn ni pé yẹ́lò ti wà nínú rẹ̀. Crimson fì sọ́dọ̀ àlùkò. Bákan náà ni Prussian blue fì sọ́dọ̀ àwọ̀ ewé, ultramarine sì fì sọ́dọ̀ àlùkò. Bí ọmọ bá fi scarlet po Prussian blue, yẹ́lò ti bá a wọlé láti ìhà méjèèjì, àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, bí wọ́n bá sì ti pàdé, buráùn ni wọ́n ń bí. Àlùkò tí kò di ẹrẹ̀ fẹ́ crimson àti ultramarine. Àwọ̀ ewé tó tàn fẹ́ lemon yellow àti Prussian blue. Ọ́réǹjì tó gbóná fẹ́ deep yellow àti scarlet. Kí wọ́n pò ó ní ọ̀nà méjèèjì, èyí tó dára àti èyí tó di ẹrẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ẹrẹ̀ náà wúlò: òun ni àwọ̀ ilẹ̀, ti ògiri amọ̀, ti páànù tó ti dípàtà.

Omi ẹlẹ́gbin náà ń fa ẹrẹ̀. Bí omi inú ife kejì kò bá ṣeé rí ìdí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n dà á nù.

Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń mú àwọ̀ dúdú láìlo ọ̀dà dúdú. Dúdú nínú yẹ́lò á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé tó rẹ̀wẹ̀sì, ó sì máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Yẹ́lò tí wọ́n fẹ́ kó dúdú, kí wọ́n kán àlùkò díẹ̀ sí i. Pupa, kí wọ́n kán àwọ̀ ewé sí i. Búlúù, kí wọ́n kán ọ́réǹjì sí i. Àwọ̀ náà á wálẹ̀, iná rẹ̀ á kú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kú tán. Funfun pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀: ó ń mú kí pupa di pínkì tútù, nítorí náà ẹni tó ń wá pupa tó mọ́ tó sì gbóná gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kán yẹ́lò kan tẹ̀ lé funfun náà.

Ìpàdé kẹta: kẹ̀kẹ́ àwọ̀ bí ojú aago

Kí wọ́n fi kọ́ńpáàsì ya òbìrí tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, kí wọ́n ya òmíràn tó jẹ́ 8 sínú rẹ̀ láti àárín kan náà. Kí wọ́n má sún kọ́ńpáàsì kúrò ní 12 náà. Kí wọ́n fi í tẹ etí òbìrí ńlá yíká, yóò bọ́ sí ojú ibi mẹ́fà géérégé. Kí wọ́n pín àlàfo kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó di 12, digiri 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ibi mẹ́fà náà kò bá pàdé, kọ́ńpáàsì ti yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Kó tún un ṣe kó tó fi ọ̀dà kàn án.

Ẹ lo nọ́ńbà aago dípò orúkọ. Bí ẹ bá sọ pé “pupa”, ọmọ kan á mú ti epo, òmíràn á mú ti ẹ̀jẹ̀, àwọn méjèèjì á sì tọ̀nà. Nọ́ńbà kò gba àríyànjiyàn. Yẹ́lò wà ní 12, pupa ní 4, búlúù ní 8. Ọ́réǹjì bọ́ sí 2, àlùkò sí 6, àwọ̀ ewé sí 10. Mẹ́fà yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ kùn, kó gbẹ. Àwọn nọ́ńbà tó ṣẹ́kù, 1, 3, 5, 7, 9 àti 11, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àdàlù àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni 9 àti 11: búlúù kékeré á ti gbé 11 lọ sí 10. Ẹ̀kán kan péré nínú yẹ́lò 20 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ tó dojú kọ ara wọn ni wọ́n fi wákàtí mẹ́fà jìnnà síra: 12 àti 6, 2 àti 8, 4 àti 10. Ọmọ tó bá mọ aago kò ní há ohunkóhun sórí.

Isaac Newton ló kọ́kọ́ tẹ ọ̀wọ́ àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn po di òbìrí, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1704. Ẹnì kan nínú kíláàsì á béèrè ìdí tí pupa àti àwọ̀ ewé fi ń di yẹ́lò lójú fóònù, tí wọ́n sì ń di ẹrẹ̀ nínú ọ̀dà. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù ń lò. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, ó ń mọ́ sí i ni. Ọ̀dà àti aró ń gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ mì ni. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ sí i lójú kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà wá ń dín kù. Nítorí ẹ̀ ni àwòrán tí wọ́n yà lórí fóònù kì í fi í rí bákan náà bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sára aṣọ. Ẹ má jẹ́ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ìpàdé kẹrin: ohun tí àwọ̀ ń ṣe fún aládùúgbò rẹ̀

Ibí yìí ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni wọ́n máa ń fò jù. Ní ilé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ tí a ń gbé kọ́ ògiri, wọ́n fẹjọ́ sùn pé òwú dúdú tí àwọn aláró ibẹ̀ ń rẹ kò dúdú tó bí wọ́n bá fi hun òjìji aṣọ búlúù àti àlùkò. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka aró, yẹ òwú náà wò, ó fi wé ti ibòmíràn, kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú ló ń yí ojú padà. Ó gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1839. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ adìrẹ nílò ìtàn yìí gan-an, torí pé ẹjọ́ kan náà ni oníbàárà ń mú wá títí di òní.

Ìdánwò tó fi hàn kò nira. Kí wọ́n kun ìwé kan ní eérú tó bá àpótí karùn-ún mu, kí wọ́n gé onígun mẹ́rin mẹ́fà, sẹ̀ǹtímítà 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú ìwé kan náà. Kí wọ́n lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àárín ìwé sẹ̀ǹtímítà 12 tí wọ́n ti kùn: ọ̀kan ní yẹ́lò, ọ̀kan ní àlùkò, ọ̀kan ní pupa, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan ní funfun, ọ̀kan ní dúdú. Eérú orí yẹ́lò á fì sí àlùkò díẹ̀, ti orí pupa á fì sí àwọ̀ ewé, ti orí dúdú á mọ́ ju ti orí funfun lọ. Àwọn ọmọ á jiyàn pé ẹ ti pààrọ̀ ìwé náà. Ẹ ya ọ̀kan kúrò, kẹ́ ẹ gbé e ti òmíràn. Bí kò bá hàn, eérú náà ti mọ́ jù tàbí kí ojú rẹ̀ tóbi jù.

Ẹ tún ní kí wọ́n tẹjú mọ́ òbìrí pupa kan fún 30 ìṣẹ́jú àáyá láìṣẹ́jú, kí wọ́n wá wo ìwé funfun. Òbìrí tí wọ́n máa rí níbẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé tó fì sí búlúù. Pupa ti rẹ ojú wọn, àwọ̀ tó dojú kọ ọ́ ló kù.

Ìpàdé karùn-ún: ìbáramu

Ní báyìí, orúkọ lè wọlé. Kí wọ́n gé páálí tó gún régé sí àwòrán mẹ́rin: ọ̀pá kan tó tọ́ka sí 12 àti 6, igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, igun mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́, àti ẹ̀ka tó bo wákàtí mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Kí wọ́n fi píìnì kan wọ́n mọ́ àárín kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa yí wọn.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ni èyí tó rọrùn jù, adìrẹ aláró sì ti kọ́ wọn. Ó fẹ́ ìdúdú mẹ́ta ó kéré tán, kí àlàfo tó wà láàárín wọn hàn.

Àwọ̀ aládùúgbò, bíi 8, 9 àti 10, kì í jà rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè sùn. Bí fọ́tò dúdú àti funfun bá fi hàn pé wọ́n dúdú bákan náà, kí wọ́n mú ọ̀kan mọ́ gan-an tàbí kí wọ́n mú un dúdú gan-an.

Àwọ̀ adojúkọra ló ń fa wàhálà. Pupa àti àwọ̀ ewé tó ń tan yòò, tí wọ́n sì dúdú bákan náà, bí wọ́n bá fara kan ara wọn, etí wọn á máa gbọ̀n lójú. Àtúnṣe mẹ́ta ló wà. Ẹ lè mú ọ̀kan dúdú. Ẹ lè pa iná ọ̀kan nípa kíkán èkejì sí i. Ẹ sì lè fi ìlà ya wọ́n, ìlà funfun tàbí ti aró. Ìlà funfun tí àbẹ́là ń fi sílẹ̀ lára aṣọ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé ẹni tó ń ya á mọ̀. Ìwọ̀n àyè náà ṣe pàtàkì. Yẹ́lò lágbára lójú ju àlùkò lọ, nítorí náà ìdá kan yẹ́lò sí ìdá mẹ́ta àlùkò ló ń mú kí méjèèjì dọ́gba. Ọ́réǹjì kan sí búlúù méjì. Pupa àti àwọ̀ ewé lè pín in ní dọ́gba. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n dọ́gba, ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Igun mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ ń fún wọn ní 12 pẹ̀lú 5 àti 7. Ìjà rẹ̀ kéré sí ti adojúkọra, òun la sì máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nímọ̀ràn pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Igun mẹ́ta tó dọ́gba, 12, 4 àti 8, fẹ́ olórí kan: kí ọ̀kan gba bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá àyè, kí èkejì gba mẹ́ta, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ẹyọ kan tó ń ta síni lójú. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pín in ní dọ́gba, ojú á rẹ ẹni tó ń wò ó.

Fún ìdánrawò, ẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ní àjákù aṣọ ẹbí kan. Kí wọ́n wá gèlè mẹ́ta fún un lórí ìwé: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ adojúkọra, ọ̀kan láti igun tẹ́ẹ́rẹ́. Iyàn á wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá sọ pé èyí “ò lọ” sọ bóyá ìdúdú ni, bóyá títàn yòò ni, bóyá àyè ni.

Bí ààyè bá wà, ẹ kó wọn gun àpáta Olúmọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Òrùlé páànù tó ti dípàtà wà nísàlẹ̀, igi wà láàárín wọn: 3 tí iná rẹ̀ ti kú, òun àti 10 tó dúdú. Kí wọ́n kọ àwọ̀ márùn-ún sílẹ̀ ní nọ́ńbà aago, kí wọ́n fi ẹ̀kán po wọ́n padà ní kíláàsì. Lásìkò ọyẹ́, àwọn òrùlé tó jìnnà á ti mọ́ fẹ́rẹ́fẹ́, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú.

Ìpàdé kẹfà: láti ìwé bọ́ sórí aṣọ

Ọ̀dà lè bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀; àwọ̀ tí a fi ń rẹ aṣọ kò lè bò ó. Kò sí aró funfun. Ibi tó máa funfun, iko ni a ó fi dì í tàbí kí a fi ẹ̀kọ tàbí àbẹ́là bò ó kí aṣọ tó wọnú aró. Àwọ̀ tó mọ́ ló ń ṣáájú, àwọ̀ tó dúdú ló ń tẹ̀ lé e. Ohun tí pupa bá bá ní yẹ́lò á di ọ́réǹjì, ohun tí búlúù bá bá ní ọ́réǹjì á di buráùn. Ọmọ tó bá ya bátànì tó fẹ́ pupa tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́ ní láti mọ ibi tó máa fi àbẹ́là bò ṣáájú yẹ́lò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ búlúù.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gé aṣọ òwú funfun, 15 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 45 ní gígùn, tí a ti fọ̀ kí lẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ kúrò. Kí wọ́n rì í sínú yẹ́lò láti orí dé sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n ṣàn án, kí wọ́n sá a. Kí wọ́n yí i sódì, kí wọ́n ri ìdí rẹ̀ sínú búlúù dé 30. Sẹ̀ǹtímítà 15 àárín á di àwọ̀ ewé. Ìdánwò kékeré yìí ń sọ gbogbo ohun tí kẹ̀kẹ́ àwọ̀ ń sọ. Bí àárín bá di búlúù lásán, búlúù ti lágbára jù tàbí ó pẹ́ jù nínú omi. Ẹ dín in sí ìdajì àsìkò.

Olùkọ́ tàbí ọ̀gá nìkan ni kó fọwọ́ kan kọ́sítíìkì (caustic soda) àti hydros (sodium hydrosulphite), kẹ́míkà méjì tí a ń fi sínú omi aró. Kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi lé e lórí, torí pé ó lè hó kó ta sí ojú. Ẹ má lo ìkòkò álúmí, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́. Ike tàbí irin tí kì í dípàtà ni. Hydros kò gbọ́dọ̀ rí omi nínú ike rẹ̀, bó bá tutù níbẹ̀ ó lè gbóná kó sì gbiná. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé aṣọ á jáde nínú aró ẹ̀lú ní àwọ̀ yẹ́lò tó fì sí ewé, afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di búlúù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́, á sì sáré dá a padà. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló fẹ́. Aṣọ tutù ń dúdú ju aṣọ gbígbẹ lọ, nítorí náà ẹ má fi aṣọ tó ṣì tutù wé àpẹẹrẹ. Kí wọ́n sì máa fi òwú wé aṣọ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí àwọ̀ méjì tó jọra lábẹ́ gílóòbù lè yàtọ̀ síra lójú oòrùn.

Bí ẹ ṣe máa fún wọn ní máàkì

Ẹ gbé iṣẹ́ náà kọ́ ògiri, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Nínú 20: kí bátànì hàn láti ibẹ̀ gba 6, kó hàn nínú fọ́tò dúdú àti funfun gba 4, kí àwọ̀ mọ́ láìdi ẹrẹ̀ gba 4, kí iye ẹ̀kán wà lẹ́yìn ìwé débi pé ẹlòmíràn lè pò ó gba 4. Orúkọ ìbáramu gba 2 tó kù. Ọmọkùnrin tó bá ń ṣi pupa mú fún àwọ̀ ewé léraléra, ẹ má nà án. Àwọn kan wà tí wọ́n bí wọn láìlè mọ ìyàtọ̀ àwọ̀ méjèèjì, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà sára ìgò fún un, ẹ jẹ́ kó máa ka ẹ̀kán, kẹ́ ẹ sì fún un ní iṣẹ́ ìdúdú jù. Lára ìdúdú, ó lè ta gbogbo kíláàsì yọ.